Bí kíláàsì public speaking ṣe ń lọ ní community college Kalifọ́níà

Tí ọmọ yín tàbí àbúrò yín bá wọ community college ní Kalifọ́níà tó sì ní lọ́kàn pé òun máa tibẹ̀ bọ́ sí yunifásítì, ì báà jẹ́ accounting ló fẹ́ kà, ì báà jẹ́ biology, àfàìmọ̀ kí kíláàsì public speaking má kàn án. Unit mẹ́ta ni. Ó wà lára ohun tí Cal-GETC, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ tí CSU àti UC, ẹgbẹ́ yunifásítì ìjọba méjì tó wà ní Kalifọ́níà, jọ ń gbà, là sílẹ̀, C sì ni máàkì tó kéré jù tí wọ́n ń gbà fún un. Láti 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní COMM C1000 láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan dé òmíràn, kó lè rọrùn fẹ́ni tó bá kó lọ síbòmíràn.

Ohun tó ń ká àwọn èèyàn láyà ni dídúró síwájú èrò. Òótọ́ ni, àmọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dìde lórí àga, púpọ̀ nínú máàkì ẹ̀ ti wà nílẹ̀ tàbí kó ti lọ. Ẹni tí ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n tí outline ẹ̀, ìyẹn ìlànà ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀ ní kókó-kókó, sì gún régé sábà máa ń ṣe dáadáa ju ẹlẹ́nu dídùn tí ò múra.

Olùkọ́ á ní kí kálukú mú àkòrí kan wá. Ká ní ẹnì kan mú ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á dá a padà fún un, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ti fẹ̀ jù fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń fẹ́, tó sọ ohun tí olùgbọ́ máa mọ̀ tí ọ̀rọ̀ bá parí, bíi: “àwọn tó bá gbọ́ mi á lè ka nọ́ńbà méjèèjì tó ń yọ lójú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.” Ẹ ò rí i pé èyí ṣeé dì mú. Inú gbólóhùn yẹn ni outline á ti jáde: kókó kìíní, nọ́ńbà òkè, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀, kókó kejì, nọ́ńbà ìsàlẹ̀, nígbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ kó tó tún lù, kókó kẹta, ìdí tí àwọn dókítà ibẹ̀ fi ń fẹ́ kó wà nísàlẹ̀ 120 lórí 80. Gbólóhùn tó délẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígékúrú, ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fẹnu dárúkọ ẹ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ta ló sọ ọ́, ọdún wo ló sọ ọ́. Ẹni tó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé tí ò fẹnu sọ ọ́, máàkì ẹ̀ máa dín.

Outline tí wọ́n fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ yẹn wá rèé, wọn ò ní jẹ́ kó gbé e lọ síwájú. Káàdì kéékèèké méjì mẹ́ta ló máa mú dání, ọ̀rọ̀ atọ́nà nìkan ló wà lórí ẹ̀: “nọ́ńbà òkè, ọkàn fún pọ̀.” Tó bá ń kà á láti inú ìwé, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ, tó bá sì há a sórí látòkè délẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ló máa gbàgbé tí gbogbo ẹ̀ á dàrú. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kó mọ ọ̀nà ọ̀rọ̀ ẹ̀ dáadáa, kó wá máa wá ọ̀rọ̀ fún un lórí ìdúró. Tí wọ́n bá ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje, ẹni tó bá kọjá méje máa san án nínú máàkì.

Tó bá dórí ọ̀rọ̀ ìyíniléròpadà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń lo ìgbésẹ̀ márùn-ún tí Alan Monroe, olùkọ́ kan ní Purdue, gbé kalẹ̀ láwọn ọdún 1930: mú wọn tẹ́tí, fi ìṣòro hàn wọ́n, fún wọn ní ojútùú, jẹ́ kí wọ́n fojú inú rí bó ṣe máa rí, kó o wá ní kí wọ́n ṣe nǹkan. Ìkarùn-ún yìí ló máa ń bà jẹ́ jù. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tọ́jú ara yín” kì í ṣe ohun téèyàn ń ṣe. “Tí ẹ bá dé ilé oògùn tó ní ẹ̀rọ náà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ti apá bọ̀ ọ́,” ìyẹn ṣeé ṣe.

Ibì kan wà tó máa ń le fáwọn ọmọ wa gan-an, ojú ni. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá mọ̀ pé èèyàn kì í ranjú mọ́ àgbà, ó sì kúkú dáa bẹ́ẹ̀ nílé, àmọ́ nínú ìwé máàkì tọ̀hún, wíwo olùgbọ́ lójú ní àyè tiẹ̀, ẹni tó bá sì ń wolẹ̀, wọ́n máa rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò dá a lójú. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kó mú ẹnì kan, kó máa wò ó títí gbólóhùn kan á fi parí, kó wá bọ́ sórí ẹlòmíràn. Bákan náà ni ìkíni. Ẹ kú ìjókòó ẹ kú àárọ̀ wa yẹn dùn, àmọ́ níbẹ̀ gbólóhùn àkọ́kọ́ gan-an ló gbọ́dọ̀ fa etí èèyàn.

Ní ti ìbẹ̀rù, àwọn olùkọ́ míì máa ń fún wọn ní PRCA-24, ìwé ìbéèrè tí onímọ̀ kan, James McCroskey, ṣe láti fi wọn ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀ sísọ, gbólóhùn 24 tí èèyàn á dáhùn, àpapọ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 24 dé 120, ẹni tó bá kọjá 80, ìbẹ̀rù ẹ̀ pọ̀. Kí èèyàn tó lanu àti ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni àyà máa ń já jù, lẹ́yìn náà ó á máa rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kó fi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dánra wò ju gbogbo ibi tó kù lọ, kó fẹnu sọ ọ́ sókè o, kì í ṣe nínú.

Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń ṣe é, kó má rò pé òun máa dá nìkan jókòó síwájú fóònù. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń ní kó wá àwọn àgbàlagbà mélòó kan jọ, kó dúró síwájú wọn, kí kámẹ́rà sì yà wọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀. Kó tètè bẹ àwọn ará ilé, torí pé fídíò tí ò bá ní olùgbọ́, wọ́n lè má gbà á rárá.