Ṣé fíìmù kò ní pa ìwé kíkà nínú kíláàsì lítíréṣọ̀?

Ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní lítíréṣọ̀ Yorùbá, àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi máa ń béèrè ìdí tí mo fi ń gbé kọ̀ǹpútà wọ kíláàsì láti fi fíìmù han àwọn ọmọ. Mo dáhùn díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè wọn síbí.

Ìbéèrè: Bí ọmọ bá ti wo fíìmù, kí ni yóò tún fi ìwé ṣe?

Ẹ̀rù yìí tọ́, nítorí pé ọmọ tí a jókòó síwájú fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí a kò sì bi í ní nǹkan kan, eré lásán ni ó wò. Nínú kíláàsì mi, a ó kọ́kọ́ ka ojú ìwé bíi mẹ́ta, a ó wo ìṣẹ́jú márùn-ún péré nínú fíìmù, a ó dá a dúró, a ó sì tún un wò. Lẹ́yìn náà ni oníkálukú yóò mú bírò láti kọ ohun tí ìwé sọ tí fíìmù kò sọ, àti ohun tí fíìmù fi hàn tí kò sí nínú ìwé. Kò sí bí ọmọ ṣe lè dáhùn láìpadà sínú ìwé, ìkánjú ẹni tí ó fẹ́ já irọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń padà síbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣebí ìtàn kan náà ni? Kí ni ó yàtọ̀?

Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú ní 1974, Túndé Kèlání sì sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Òǹkọ̀wé lè wọ inú ọkàn Àjàní, olú ẹ̀dá ìtàn náà, lọ, kí ó sọ ohun tí ó ń rò fún wa nígbà tí ẹnu rẹ̀ ń sọ nǹkan mìíràn. Kámẹ́rà kò lè wọ inú ọkàn ẹnikẹ́ni. Ojú, ọwọ́, aṣọ, orin àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó ní láti fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Fíìmù náà ni ó mú kí ìró kúkúrú òun bùbá padà di àṣà láàrin àwọn obìnrin, tí a fi ń pe aṣọ ọ̀hún ní oleku títí di òní.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Wọlé Ṣóyínká. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ Death and the King's Horseman, tí ó jáde ní 1975, ṣùgbọ́n nínú fíìmù tí Bíyì Bándélé ṣe láti inú rẹ̀ ní 2022, Yorùbá ni Ẹlẹ́ṣin àti àwọn ará ọjà ń sọ. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn túmọ̀ ìpínrọ̀ kan, kí wọ́n tó gbọ́ bí àwọn òṣèré ṣe sọ ọ́, nítorí pé ìgbà náà ni wọ́n máa ń mọ ibi tí òwe ti rìn jìnnà kúrò nílé àti bí ó ṣe padà wálé.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi fíìmù nìkan ṣe ìdánwò?

Rárá. Ìwé ni àwọn tí ń ṣètò ìdánwò ń béèrè.

Ìbéèrè: Báwo ni fíìmù ṣe ń tún àròkọ àwọn ọmọ ṣe?

Mo máa ń pa ohùn fíìmù, kí wọ́n lè kọ ohun tí ojú nìkan rí. Nígbà tí ọmọ bá wá kọ pé "inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an," ìbéèrè mi ni pé kí ni kámẹ́rà yóò rí? A tún máa ń lo ìtàn ìlú wa: àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì wá fi ṣe ibùdó. Kí àwọn ọmọ kọ ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ wọn bí ìran tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀: ta ni ó bojú wẹ̀yìn, kí sì ni wọ́n gbé sókè kúrò nínú omi tí ó wà nínú ọkọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kọ nípa ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí pé "ọjà náà kún fún ẹja." Lẹ́yìn ìbéèrè kámẹ́rà, ó tún un kọ: ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ ìyá kan tí ó ń ka owó. Lẹ́yìn náà ni ó fi gbólóhùn kan kún un nípa òórùn ẹja tútù tí ó bá a délé nínú aṣọ rẹ̀, ó sì sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé kámẹ́rà kò lè gbọ́ òórùn.