Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ìtọ́jú ọmọ ń dára sí i ní Nàìjíríà

Nọ́ńbà tí ìjọba ń kà fún wa lórí rédíò nípa ìlera ọmọ, ọ̀nà méjì pàtàkì ló ń gbà wọlé.

Ti àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ìyá bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Nyanya l'Abuja, nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sí kádì, á tún kọ ọ́ sí rẹ́jísítà, tó bá di ìparí oṣù wọ́n á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ sórí fọ́ọ̀mù kan, ìyẹn á dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, sórí DHIS2, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó nọ́ńbà ìlera jọ sí, àwọn ọ̀gá l'Abuja á sì rí i. Oṣooṣù ló ń wọlé, ó dáa gan-an. Àmọ́ ọmọ tí wọn ò gbé wá rárá, rẹ́jísítà ò mọ̀ ọ́n.

Ibi tó wá ta kókó sí nìyí: kí wọ́n tó sọ pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún ló gba abẹ́rẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ iye ọmọ tó wà ládùúgbò yẹn, ìgbà tí wọ́n sì ka èèyàn kẹ́yìn ni 2006, àfojúbù ni wọ́n ń lò látìgbà yẹn. Ẹ tún wo àwọn èèyàn wa ní Mararaba. Nasarawa ni Mararaba wà o, ṣùgbọ́n ìyá tó ń tajà ní Nyanya á gba abẹ́rẹ́ ọmọ ẹ̀ níbẹ̀, Abuja á ka abẹ́rẹ́, Nasarawa á ka ọmọ. Bí ibì kan ṣe ń ní ju ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ nìyẹn, tí ibòmíì á wá dà bí ẹni tí ò ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ ilé onílé, ọ̀nà kejì nìyẹn. NDHS ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìwádìí ìlera àti iye èèyàn ní Nàìjíríà, àjọ ìkànìyàn ló ń ṣe é. Ní 2018, àdúgbò 1,400 ni wọ́n ṣà, ilé 30 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á bi obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ní gbogbo ọmọ tó ti bí, èyí tó wà láyé àtèyí tó ti lọ, àti iye ọjọ́ orí tó fi lọ. Ìbéèrè tó wúwo ni, ó sì yẹ ká máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń dáhùn ẹ̀. Inú ìdáhùn wọn la ti mọ̀ pé nínú 1,000 ọmọ, 132 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún ní 2018, tó ti wá di 110 ní 2023-24. Wọ́n tún máa ń wọn àwọn ọmọ fúnra wọn, àwọn tó kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ sì kúrò ní 37 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí 40 láàárín ọdún yẹn kan náà, ìyẹn ni pé ikú ń dín, ebi ò dín.

132 yẹn gan-an, ti gbogbo Nàìjíríà lápapọ̀ ni, ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Ní ọdún 2018 yẹn, Ògùn wà ní 30, Kebbi wà ní 252. Tí wọ́n bá ń pín nọ́ọ̀sì àti oògùn, 252 yẹn ló yẹ kó wà níwájú wọn.