Lésà, pírósítéètì àti ìtọ̀ tí kò fẹ́ jáde: ìbéèrè yín àti ìdáhùn

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2024, ààfin Buckingham kéde pé pírósítéètì Ọba Charles wú, ó sì ń lọ gba ìtọ́jú. Ọba kúrò nílé ìwòsàn ní ọjọ́ 29. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù kejì, ààfin tún ní àwọn rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Ṣé jẹjẹrẹ pírósítéètì ni?
Rárá. Ààfin ní wíwú náà kì í ṣe jẹjẹrẹ, àti pé jẹjẹrẹ tí wọ́n wá rí kì í ṣe ti pírósítéètì.

Ṣé lésà, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń gé pírósítéètì tó wú, ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ Ọba?
Ààfin ò sọ, a ò sì lè máa yọjú sí ìtọ̀ ọba.

Kí tiẹ̀ ni pírósítéètì?
Kókó kan tí ọkùnrin nìkan ní, lábẹ́ àpò ìtọ̀. Lára ọ̀dọ́mọkùnrin, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àwúsá lọ. Òun ló ń pèsè díẹ̀ nínú omi tó ń bá àtọ̀ jáde. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀nà ìtọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, bí okùn ṣe ń gba inú ìlẹ̀kẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, ìlẹ̀kẹ̀ á máa wú, ihò á máa fún. Láàárín ọdún 51 sí 60, nǹkan bí ìdajì ọkùnrin ló ti ń wú lára wọn. Ìtọ̀ á máa kán tó, tó, tó. Bàbá á jí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru. Bó bá dé òde ìnáwó, ilé ìtọ̀ ló máa kọ́kọ́ béèrè kó tó wá àga.

Àbí àtọ̀sí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?
Rárá o. Àrùn ìbálòpọ̀ ni àtọ̀sí. Ọjọ́ orí ló ń mú tibí wá. Ẹ̀yin ìyàwó tẹ́ ẹ ti ń fura, ẹ fi bàbá sílẹ̀.

Báwo ni iná ṣe ń ṣe iṣẹ́ ọ̀bẹ?
Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n kó jọ sójú kan ni lésà. Dókítà á ti irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde. (Bẹ́ẹ̀ ni, ihò yẹn gan-an. Wọ́n á ti gún yín lábẹ́rẹ́, ẹ ò ní mọ̀.) Kò sí ibi tí wọ́n máa là.

Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀. GreenLight jẹ́ lésà aláwọ̀ ewé. Ẹ̀jẹ̀ inú ẹran ló ń fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mu, ibi tó bá kàn á sì gbẹ dànù bí omi tó kán sórí páànù gbígbóná. Èkejì ni HoLEP, tí Peter Gilling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní New Zealand láàárín àwọn ọdún 1990. Ẹ ronú nípa ọsàn. Lésà á ya ẹran inú ọsàn kúrò lára èèpo, á tì í sínú àpò ìtọ̀, ẹ̀rọ kékeré kan á wá gé e wẹ́wẹ́ níbẹ̀, á sì fà á jáde. Èèpo nìkan ló máa kù. Pírósítéètì tó tóbi débi tí wọn ì bá la ikùn nítorí rẹ̀, HoLEP lè ká a. Bí lésà sì ṣe ń gé ló ń dí ojú ẹ̀jẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn kì í bi dókítà: ẹran tí HoLEP bá gé ṣeé gbé lọ fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ. Èyí tí GreenLight gbẹ dànù ti lọ nìyẹn.

Ọjọ́ mélòó ni mo máa lò nílé ìwòsàn?
Ọ̀pọ̀ ń lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ jáde kì í sábà ju ọjọ́ kan sí méjì lọ.

Ṣé mo ṣì lè ṣe ojúṣe ọkọ?
Ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà nìyí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dìde tán. Bí nǹkan ọkùnrin ṣe ń dìde kì í sábà yí padà. Àtọ̀ ló ń ṣìnà: kàkà kó jáde, inú àpò ìtọ̀ ló máa padà sí, ẹ á sì tọ̀ ọ́ dànù nígbà tó bá yá. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ṣe HoLEP ló ń rí i bẹ́ẹ̀, kì í sì í sábà padà bọ̀ sípò. Kò léwu, àmọ́ ẹni tó ṣì ń wá ọmọ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ṣáájú.

Ìtọ̀ tún lè máa jò díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ẹ bá wúkọ́ tàbí tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ máa fún iṣan ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń dá ìtọ̀ dúró. Ó máa ń ṣèrànwọ́.

Ṣé mo ti bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ nìyẹn?
Rárá! Ara èèpo ọsàn tó ṣẹ́ kù yẹn gan-an ni jẹjẹrẹ pírósítéètì ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú ọkùnrin mẹ́jọ ló máa ní in láyé rẹ̀. Nínú ọkùnrin dúdú, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, èyí tí wọ́n fi ń wá àmì jẹjẹrẹ pírósítéètì, kódà lẹ́yìn lésà.

Ṣé gbogbo ẹni tó bá ti wú ló nílò lésà?
Rárá. Oògùn ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ lò. Tamsulosin ń dẹ ọ̀nà, finasteride ń mú kókó náà sún kì, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù mẹ́fà.

Ìgbà wo ni kí n wá bẹ̀rù?
Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde rárá, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń wú, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe àgbo, kì í sì í ṣe àárọ̀ ọ̀la. Bẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ oògùn ọ̀fìnkìn tẹ́ ẹ ń rà ní kẹ́mísìtì: àwọn kan wà nínú wọn tó lè ti ìtọ̀ tó ti ń há tẹ́lẹ̀ pa pátápátá.