Kẹ̀kẹ́ orí òkúta: ṣé èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú nìkan ni ká rà, àbí èyí tó ní tiwájú tẹ̀yìn?

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Ẹlẹ́yẹlé ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti kó owó jọ, ó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá o, kẹ̀kẹ́ táa ń fẹsẹ̀ wà, èyí tí táyà ẹ̀ tóbi tí wọ́n fi ń gun òkè. Látìgbà tó ti bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ sí Àdó-Àwáyè lẹ́bàá Ìséyìn, tó rí àwọn kan tí wọ́n ń já bọ̀ láàárín òkúta, ara ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Fóìsì nóòtì tó fi ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pọ̀ débi pé mo ní kí n kúkú kọ ìdáhùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bóyá ẹlòmíì wà tí ọ̀rọ̀ náà rú lójú. Bó ṣe béèrè ni mo ṣe kọ ọ́.

Ìbéèrè: Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ là mí lọ́yẹ̀ ná, kí ni hardtail, kí ni full suspension?

Wo ọ̀kadà. Ó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú nínú fóòkì tó di táyà mú, ó tún ní méjì lẹ́yìn lábẹ́ ibi térò ń jókòó sí. Full suspension nìyẹn, tiwájú tẹ̀yìn ló ń mì, àmọ́ ti kẹ̀kẹ́, ẹyọ kan ló sábà máa ń wà lẹ́yìn, láàárín fíréèmù. Hardtail ní tiwájú nìkan, ẹ̀yìn ẹ̀ gan pa, kò sí nǹkan tó ń mì níbẹ̀. Èmi máa ń pè é ní ẹlẹ́yìn-gan, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe máa pè é lọ, èkejì ni oníṣọ́ọ̀kì méjì. Mìlímítà ni wọ́n fi ń ka bí ṣọ́ọ̀kì ṣe lè wọlé tó: 100 sí 120 ni tàwọn tó ń sáré ìdíje, 130 sí 150 ni ti ẹni tó fẹ́ràn òkúta dáadáa, àwọn wèrè tó jẹ́ pé jíjá bọ̀ látòkè nìkan niṣẹ́ wọn, tiwọn máa ń tó 200.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe pé méjì ló kúkú dáa ju ọ̀kan lọ ni? Kí lẹ tún ń rò sí?

Tó bá jẹ́ orí òkúta nìkan là ń sọ, tí owó ò sí lọ́rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, méjì dáa jù, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àmọ́ kì í ṣe torí kí ìdí má baà dun èèyàn bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Táyà ẹ̀yìn lọ̀rọ̀ wà. Tí táyà ẹ̀yìn ẹlẹ́yìn-gan bá kọlu òkúta tó tó ẹ̀ṣẹ́ méjì, gbogbo kẹ̀kẹ́ ló máa fò sókè, tòun tìwọ, fún ìwọ̀nba àkókò yẹn táyà ò kan ilẹ̀, táyà tí ò sì kan ilẹ̀, o lè fún bíréèkì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní mú nǹkan kan. Ti oníṣọ́ọ̀kì méjì, táyà nìkan ló máa gòkè, ṣọ́ọ̀kì á gbà á, á tún tì í padà sílẹ̀ kíá, fíréèmù àti ìwọ tó o wà lórí ẹ̀ á kàn máa bá tiyín lọ.

Ohun kan tún wà táwọn èèyàn kì í sọ. Níbi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí fóòkì ẹlẹ́yìn-gan bá ti wọlé, ẹ̀yìn ò bá a wọlé, orí kẹ̀kẹ́ á wá dojú kọlẹ̀, á dà bíi pé ó fẹ́ dà ẹ́ síwájú, àfi kó o yáa sún ìdí sẹ́yìn. Oníṣọ́ọ̀kì méjì máa ń rì tiwájú tẹ̀yìn pọ̀ ni.

Àmọ́ ara ẹ náà ní ṣọ́ọ̀kì o, orúnkún méjì àti ìgúnpá méjì. Dìde kúrò lórí ìjókòó, jẹ́ kí pẹ́dáàlì méjèèjì dọ́gba, torí tí ọ̀kan bá wà nísàlẹ̀, òun lòkúta máa gbá, kó o wá dẹ orúnkún kí kẹ̀kẹ́ máa jó lábẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fi ẹlẹ́yìn-gan kọ́ṣẹ́ máa ń tètè mọ ibi tó yẹ kí táyà gbà, torí tó bá ṣì í gbà, kẹ̀kẹ́ á sọ fún un lójú ẹsẹ̀, nínú eegun ẹ̀yìn. Oníṣọ́ọ̀kì méjì máa ń bá èèyàn bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, títí ọjọ́ tí eré bá pọ̀ jù tí àṣìṣe ọ̀hún ò ṣeé bò mọ́.

Ìbéèrè: Gígun òkè wá ńkọ́? Wọ́n ní full sus máa ń fa èèyàn sẹ́yìn.

Òótọ́ wà níbẹ̀, àsọdùn náà wà níbẹ̀. Táwọn méjèèjì bá jọ jẹ́ iye kan náà, oníṣọ́ọ̀kì méjì sábà máa ń fi nǹkan bíi kìlógíráàmù kan ààbọ̀ sí méjì wúwo jù, tó o bá sì ń tẹ pẹ́dáàlì, ẹ̀yìn ẹ̀ á máa rì á máa léfòó, lára agbára ẹ ló ń jẹ yẹn. Ọ̀pọ̀ ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ti ṣọ́ọ̀kì pa tí wọ́n bá wà lórí títì. Ìwọ mọ Ìbàdàn, kò síbi tó tẹ́jú níbẹ̀, kó o tó débi òkúta kankan, wàá ti gun ọ̀dà bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún, gbogbo ìyẹn, ẹlẹ́yìn-gan ló ni ín. Àmọ́ tí òkè yẹn fúnra ẹ̀ bá jẹ́ òkúta lórí òkúta, ọ̀rọ̀ yí padà, torí táyà tó ń fò kò lè ti èèyàn lọ síwájú, níbẹ̀ lo ti máa rí oníṣọ́ọ̀kì méjì tó wúwo tó ń rọra gùn lọ nígbà tí ẹlẹ́yìn-gan ń fi táyà ha òkúta lásán.

Ìbéèrè: Àwọn tó fi ń sáré níta, èwo ni wọ́n ń gùn?

Wo Òlíńpíìkì London 2012. Jaroslav Kulhavy, ọmọ ilẹ̀ Czech, wà lórí oníṣọ́ọ̀kì méjì, Nino Schurter, ọmọ Switzerland, wà lórí ẹlẹ́yìn-gan, wọ́n lé ara wọn bá òkúta já ju wákàtí kan lọ, Kulhavy ló gba góòlù, ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo ló sì fi jù ú lọ. Ìṣẹ́jú àáyá kan! Nígbà tó wá di Rio 2016, Schurter náà ti bọ́ sórí oníṣọ́ọ̀kì méjì, góòlù sì wọlé. Nítorí náà lọ́dọ̀ àwọn yẹn, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé mẹkáníìkì wọn ń bá wọn rìn kiri ni.

Tó o bá sì fẹ́ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ní 1976, àwọn ọmọkùnrin kan ní Marin County ní California bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Repack, kẹ̀kẹ́ àlòkù tí ò ní ṣọ́ọ̀kì kankan ni wọ́n ń gbé já bọ̀ látorí òkè. Bíréèkì inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn á gbóná débi pé gíríìsì á jó di èéfín, àfi kí wọ́n tún gíríìsì tuntun kì sí i, ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Fóòkì RockShox tó sọ ṣọ́ọ̀kì iwájú di ohun gbogbo ayé, 1989 ló jáde. Wọ́n ti ń já òkè tipẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì tó dé.

Ìbéèrè: Mo rí full sus tòkunbọ̀ kan, owó ẹ̀ ò wọ́n rárá, ó sì ń dán gbinrin. Ṣé kí n gbé e?

Dúró ná. Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí.

Èmi náà ti ra irú ẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta tòkunbọ̀ nígboro níbí. Mo tẹ ìjókòó, ó wọlé, mo ní ó dáa, mo sanwó. Mi ò wo bóyá ó padà sókè. Mo délé, mo jókòó lé e, ẹ̀yìn ẹ̀ lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó jókòó pẹ̀lú mi, kò dìde mọ́. Mo tì í lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà àdúgbò wa, ó ti ẹnu họ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, ó ń fún un, bó ṣe fa họ́ọ̀sì yọ báyìí, ṣààà, gbogbo ẹ̀ ló tú jáde, lọ̀gá bá ń wò mí bíi pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé inú ṣọ́ọ̀kì yẹn kéré bíi agolo tòmátò kékeré, tó sì jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ máa ń tó 150 sí 250 psi, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára afẹ́fẹ́ inú táyà, bẹ́ẹ̀ táyà mọ́tò kì í sábà ju 35 lọ. Pọ́ǹpù tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni, kékeré, onígéèjì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún un. Mo wá pọ́ǹpù kiri títí mo fi rí i, mo fún un dé 180, ó dìde, inú mi dùn, àárọ̀ ọjọ́ kejì ó ti tún jókòó. Mo fi omi ọṣẹ pa á lára, lo bá rí ìfófó tó ń hó wúruwùru níbi tí ọ̀pá dídán yẹn ti ń wọnú. Róbà inú ẹ̀ ti lọ.

Bíárìn oríkèé fíréèmù, ìyẹn ibi tí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ti ń ṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀kì bá ń wọlé, ò le, ìyẹn ni mo fẹ́ kó o mọ̀, torí nọ́ńbà wà lára ẹ̀. Tó o bá rí 6902, ìyẹn mìlímítà 15 × 28 × 7, gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta bíárìn, kò ní bi ẹ́ bóyá kẹ̀kẹ́ lo fẹ́ fi sí. Àmọ́ róbà ṣọ́ọ̀kì, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, èyí tó yẹ tọ̀hún kì í yẹ tibí. Mẹkáníìkì ọ̀kadà kan bá mi dá a lábàá pé ká gbé ṣọ́ọ̀kì ọ̀kadà sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi.

Tó o bá ṣì fẹ́ lọ wo èyí tó o rí yẹn, fi èékánná fa ọ̀pá dídán ara ṣọ́ọ̀kì látòkè délẹ̀, tí èékánná bá há síbì kankan, fi í sílẹ̀, ojú ọgbẹ́ yẹn á máa gé róbà tuntun tó o bá fi sí i. Tẹ ìjókòó pẹ̀lú gbogbo ara ẹ, kó o jáwọ́, kó padà wẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó má jó. Lẹ́yìn náà di ìjókòó mú, gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀ díẹ̀, tó bá ń ṣe kó-kó lọ́wọ́ ẹ, oríkèé ti jẹ. Béèrè nọ́ńbà ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú, bíi 210 × 50, gígùn ẹ̀ àti bó ṣe ń wọlé tó, torí lọ́jọ́ tó bá kú òun lo máa wá kiri.

Àwọn tuntun olówó pọ́ọ́kú wá ńkọ́, oníspríǹgì pupa lẹ́yìn? Má ṣe é. Spríǹgì ló ń gbé ìwúwo èèyàn, ọ́ìlì ló ń dá spríǹgì lẹ́kun, ọ̀pọ̀ àwọn yẹn ò sì ní ọ́ìlì kankan nínú. Tí wọ́n bá kọlu òkúta, wọ́n á sọ ẹ́ sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yìn tó gan sàn ju ẹ̀yìn tó ń ta pọ́nún bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ìbéèrè: Tí mo bá ti rà á, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì bá ìwúwo mi mu?

Róbà tín-ín-rín kan wà lórí ọ̀pá dídán ara ṣọ́ọ̀kì bí òrùka. Tì í títí á fi kan ibi tí ọ̀pá ti ń wọnú, wọ gbogbo ohun tó o máa ń wọ̀, gbé báàgì omi kọ́rùn, jókòó jẹ́ẹ́, sọ̀kalẹ̀, kó o wá wo bí róbà yẹn ṣe sún tó. Ti ẹ̀yìn, 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún bí ṣọ́ọ̀kì ṣe lè wọlé tó ló yẹ kó lọ, tó bá jẹ́ èyí tó ń wọlé mìlímítà 50 nígbà náà, bíi mìlímítà 13 sí 15. Ti fóòkì kéré díẹ̀, bíi 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, fún afẹ́fẹ́ kún un.

Ìbéèrè: Táyà ńkọ́?

Èyí gan-an ló yẹ kó o kọ́kọ́ béèrè. Táyà tó fẹ̀ ní íńṣì 2.4 tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ ò pọ̀ jù, ṣọ́ọ̀kì kékeré nìyẹn náà, pàápàá fún ẹlẹ́yìn-gan. Tí kò bá ní túùbù, tó jẹ́ omi bíi lẹ́ẹ̀ tó ń dí ihò ni wọ́n dà sínú ẹ̀, ẹni tí ò sanra jù lè fi sí 22 sí 26 psi. Tó bá ní túùbù, gbé e sókè díẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òkúta á tẹ túùbù mọ́ ríìmù, wàá rí ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú eyín ejò. Fọ́kánáísà wa ò ní ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ẹ o, tiwọn ni kó le koko bí òkúta, àfi kó o dúró tì wọ́n tìgéèjì tìgéèjì. Tí ẹnu fáàfù ẹ bá tún jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ lórí, họ́ọ̀sì wọn ò ní wọ̀ ọ́, ra irin bàbà kékeré tí wọ́n máa ń dì mọ́ ọn, so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ.

Ìbéèrè: Tójò bá rọ̀ ńkọ́?

Má lọ. Àpáta tó ti hu ewédò, kò mọ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀kì.

Ìbéèrè: Ó dáa, tèmi ńkọ́, èwo ni kí n rà?

Ẹlẹ́yìn-gan. Oní-120 níwájú, fóòkì tó ní afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì nínú, ẹsẹ̀ oní-íńṣì 29, bíréèkì ọlọ́ìlì. Owó tó bá ṣẹ́ kù, fi ra táyà tó dáa, akoto, àti irin kékeré tó gbé ọwọ́ gíà ẹ̀yìn dání, torí òun lòkúta máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, fíréèmù kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀. Tó bá tún kù, ra ọ̀pá ìjókòó tó ń sọ̀kalẹ̀ tó ń gòkè tó o bá tẹ bọ́tìnnì, kí ìjókòó kúrò lọ́nà fún ẹ nígbà tó o bá ń já bọ̀. Kó o sì máa rántí pé fóòkì náà ń fẹ́ ọ́ìlì tuntun ní bíi gbogbo wákàtí 50 tó o bá gùn ún.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ lo máa ń wà ní Òkè Ògùn tàbí Ìdànrè, tí ẹ̀yìn ti ń dùn ẹ́ tẹ́lẹ̀, tó o sì ní ẹni lókè òkun tó lè máa fi róbà ránṣẹ́, màá ní kó o ra oníṣọ́ọ̀kì méjì, tuntun, láìfọ̀rọ̀ gùn. Àmọ́ ìwọ, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lo fẹ́ máa lọ.

Tèmi ṣì wà ní kọ̀rídọ̀, kò ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn báyìí, mo ti tú u fún ẹnì kan tó ń lọ London kó bá mi fi wá róbà ẹ̀. Ó ní oṣù kẹsàn-án lòun máa dé.