Bí obìnrin ṣe ń di ààyò òǹwòran lórí yìnyín

Ní Sapporo, lórílẹ̀-èdè Jàpáàní, lọ́dún 1972, Janet Lynn ọmọ Amẹ́ríkà ṣubú níbi ìdíje ijó orí yìnyín ní Òlíḿpíìkì. Ó lóṣòó, ó ń pòyì lọ́wọ́, ni ìdí rẹ̀ bá kanlẹ̀. Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń bá ijó rẹ̀ lọ bí ẹni pé ilẹ̀ kò gbà á mọ́lẹ̀ rárá. Idẹ ló gbà. Trixi Schuba láti Austria ló gba wúrà. Síbẹ̀, ẹni tó ṣubú yẹn gan-an ni àwọn ará Jàpáàní gbé sọ́kàn, tí lẹ́tà wọn ń wá bá bí òjò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe eré yìnyín káàkiri Amẹ́ríkà bá a ṣe àdéhùn ọdún mẹ́ta tó ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ.

Òṣùwọ̀n méjì ló ń wọn obìnrin tó bá gun orí yìnyín. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ adájọ́, òun ló ń fúnni ní wúrà, fàdákà àti idẹ. Èkejì wà lọ́kàn àwọn tó ń wò ó, ẹnikẹ́ni kò sì kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ rí. Wọn kì í sábà bára dọ́gba, àmọ́ wọ́n máa ń fa ara wọn. Lásìkò Schuba, ìdajì máàkì ló wà fún ìlà yíyà: èèyàn á fi irin abẹ́ bàtà ya ìlà róbótó sórí yìnyín, adájọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìlà náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àfarabalẹ̀ṣe ni, Schuba sì mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni láyé lọ. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn kò ráyè ìlà yíyà. Ijó nìkan ni ará ilé ń rí, nígbà tí wọ́n sì rí i pé ẹni tí àwọn mìíràn jó jù ló gba wúrà, ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn. Lọ́dún 1973, ISU, ìyẹn àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé, fi ijó kúkúrú kún ìdíje, wọ́n sì dín máàkì ìlà yíyà kù. Lẹ́yìn ọdún 1990, wọ́n pa á tì pátápátá. Ojú òǹwòran ló tún òfin kọ.

Òṣùwọ̀n adájọ́ tòde òní bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, lẹ́yìn awuyewuye tó bẹ́ sílẹ̀ lórí ìbò adájọ́ ní Òlíḿpíìkì Salt Lake City lọ́dún 2002. Bí ọjà ló rí, ohun kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Kí èèyàn fò, kó sì yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní Lutz, máàkì 5.90 ni. Axel, irú fífò mìíràn, tí wọ́n bá yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta jẹ́ 8.00, torí iwájú lèèyàn ń kọjú sí kó tó gbéra, ìdajì òòyì sì lé sí i. Lutz alẹ́ẹ̀mẹ́rin jẹ́ 11.50. Adájọ́ mẹ́sàn-án á wá wo bó ṣe ṣe é sí, wọ́n á fi kún iye náà tàbí kí wọ́n gé e kù. Ẹni tó bá ṣubú tún pàdánù máàkì kan lọ́tọ̀. Apá yìí kò nira láti lóye. Apá kejì ni ọ̀rọ̀ wà: máàkì fún bí wọ́n ṣe to ijó náà, fún bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, àti fún bí ẹsẹ̀ ṣe mọ yìnyín tó. Kò sí ẹ̀rọ tó lè wọn bí èèyàn ṣe gbé ijó kalẹ̀. Ojú adájọ́ ni, ojú náà sì ti mọ ohun tó ń pè ní ẹwà kí adájọ́ tó jókòó sórí àga.

Ohun tí ojú yẹn ń wá lára obìnrin ti pẹ́. Lọ́dún 1902, nígbà tí òfin kò tíì sọ pé ọkùnrin nìkan ló lè díje, Madge Syers ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ìdíje àgbáyé ní London, ó sì ṣe ipò kejì lẹ́yìn Ulrich Salchow, ọkùnrin ọmọ Sweden. Ni ISU bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn obìnrin. Lára àwíjàre wọn ni pé yẹ̀rì gígùn ń bo ẹsẹ̀, adájọ́ kò sì lè rí i. Syers gé yẹ̀rì tirẹ̀ dé agbede ojúgun. Lọ́dún 1906, wọ́n dá ìdíje obìnrin sílẹ̀, òun ló gbà á. Lọ́dún 1908, ó gba wúrà Òlíḿpíìkì. Lẹ́yìn náà ni Sonja Henie dé láti Nọ́wè. Ọmọ ọdún 11 ni lọ́dún 1924 nígbà tó kọ́kọ́ lọ Òlíḿpíìkì, tó sì gbẹ́yìn nínú àwọn mẹ́jọ. Yẹ̀rì kúkúrú ló wọ̀, torí ọmọdé ni. Ó dàgbà, yẹ̀rì kò gùn. Ó gba wúrà lọ́dún 1928, 1932 àti 1936, ó sì kọjá sí Hollywood. Láti ìgbà náà, àwòrán tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn nípa obìnrin orí yìnyín ni tirẹ̀: yẹ̀rì péńpé, bàtà funfun, ẹ̀rín lẹ́nu. Nígbà tí Katarina Witt láti Ìlà-Oòrùn Jámánì wọ aṣọ oníìyẹ́ tó fi itan sílẹ̀ gbangba lọ́dún 1988, wọ́n ṣe òfin pé yẹ̀rì gbọ́dọ̀ bo ìdí. Ìgbà tó di ọdún 2004 ni wọ́n tó gba obìnrin láyè láti wọ ṣòkòtò. Fún gbogbo àkókò yẹn, aṣọ obìnrin gbọ́dọ̀ kúrú, kò sì gbọdọ̀ kúrú jù, ẹni tó bá ṣìnà díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì á sì gbọ́ ọ.

Aṣọ ṣì kéré. Ohun tó nira jù tí òǹwòran ń béèrè ni pé kí iṣẹ́ má hàn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ijó gígùn, èèyàn sì ń fò léraléra nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń gba ìwúwo gbogbo ara nígbàkígbà tó bá balẹ̀, lórí irin tín-ínrín. Ọkùnrin tó bá rún ojú pọ̀ nígbà tó ń ṣe èyí, akin ni wọ́n ń pè é. Obìnrin tó bá rún ojú pọ̀, wọ́n á ní kò ní ẹ̀yẹ. Ó gbọ́dọ̀ lágbára bí ẹṣin, kó sì dà bí ìyẹ́ tí atẹ́gùn ń gbé. Ẹni tó bá lè ṣe méjèèjì pọ̀ ni ayé ń pè ní àṣàyàn.

Kò sí ẹni tí ìbéèrè yìí dé bá bí Surya Bonaly. Ọmọ Faransé ni, aláwọ̀ dúdú, Nice ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbajúmọ̀, ìtàn tí wọ́n ń sọ fún oníròyìn ni pé erékùṣù Réunion lọ́hùn-ún ni wọ́n ti rí i. Irọ́ ni, àmọ́ ó dùn mọ́ àwọn tó fẹ́ kó jẹ́ àjèjì. Ó ti mọ òkìtì í ta kó tó gba orí yìnyín. Ó gba ife Yúróòpù lẹ́ẹ̀márùn-ún tẹ̀ léra, láti ọdún 1991 dé 1995. Nínú ìdíje àgbáyé, fàdákà ló ń gbà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀ léra. Ní Chiba lọ́dún 1994, adájọ́ márùn-ún yan Yuka Sato ọmọ Jàpáàní, mẹ́rin yan Bonaly. Ó kọ́kọ́ kọ̀ láti gun orí pèpéle. Nígbà tí wọ́n fi fàdákà kọ́ ọ lọ́rùn, ó bọ́ ọ tẹkúntẹkún, àwọn òǹwòran sì hó lé e lórí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tún sọ nípa rẹ̀ ṣáá ni pé ó lágbára, ṣùgbọ́n kò ní ẹwà ijó. Òtítọ́ wà níbẹ̀ pé Sato mọ ẹsẹ̀ gbé lórí yìnyín jù ú lọ. Ẹni tó bá wo fídíò méjèèjì á rí i. Àmọ́ "agbára" tí wọ́n ń dárúkọ yẹn kì í ṣe oríyìn lẹ́nu wọn, ara obìnrin dúdú ni wọ́n sì ń lò ó fún.

Ní Òlíḿpíìkì Nagano lọ́dún 1998, pẹ̀lú ìpalára lẹ́sẹ̀, Bonaly rí i pé òun kò lè gba àmì-ẹ̀yẹ mọ́. Ó ta òkìtì sẹ́yìn láàárín ijó rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀. Òfin ti ka òkìtì léèwọ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún. Wọ́n gé máàkì rẹ̀, ó parí sí ipò kẹwàá. Lónìí, ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni àwọn èèyàn ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2024, ISU mú òkìtì kúrò lára ohun èèwọ̀. Ó gba ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí òṣùwọ̀n kan tó bá èkejì.

Ìtàn tí wọ́n bá so mọ́ obìnrin náà tún ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Tonya Harding ni obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó fò Axel alẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ìdíje, lọ́dún 1991, àmọ́ ilé tí kò rí já jẹ ló ti wá, aṣọ tí wọ́n rán nílé ló ń wọ̀, kò sì bá àwòrán ọmọbìnrin oníwà tútù mu. Nancy Kerrigan bá a mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé òṣìṣẹ́ lòun náà ti wá. Ní January 6, 1994, ní Detroit, ẹnì kan tí àwọn tó sún mọ́ Harding rán fi kùmọ̀ lu Kerrigan lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni fojú kéré ìrora Kerrigan. Ṣùgbọ́n ìpín tí ayé ti pín àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ọmọba, ọ̀kan ìpáǹle, ló jẹ́ kí àìmọye mílíọ̀nù èèyàn jókòó síwájú tẹlifíṣàn lóṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé ní Òlíḿpíìkì, láti wo bí yóò ṣe parí. Lẹ́yìn náà, owó wọ eré yìnyín ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìfẹ́ orílẹ̀-èdè pẹ̀lú ń gbé ẹni ga. Oṣù kan náà ni wọ́n bí Yuna Kim ti Gúúsù Kòríà àti Mao Asada ti Jàpáàní, September 1990. Látìgbà èwe ni wọ́n ti ń lé ara wọn. Ní Òlíḿpíìkì Vancouver lọ́dún 2010, Kim gba wúrà pẹ̀lú 228.56, Asada fò Axel alẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fàdákà ló gbà. Ní Òlíḿpíìkì Sochi lọ́dún 2014, Asada bà jẹ́ nínú ijó kúkúrú, ó bọ́ sí ipò 16. Lọ́jọ́ kejì, ó jó ijó tó dára jù láyé rẹ̀, 142.71, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ bí orin ti dákẹ́. Ipò kẹfà ló parí sí. Bá ará Jàpáàní sọ̀rọ̀ nípa Asada, ijó ipò kẹfà yẹn ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Michelle Kwan ní Amẹ́ríkà, tó gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀márùn-ún, tí kò sì rí wúrà Òlíḿpíìkì gbà.

Irú ìfẹ́ báyìí ń fẹ́ ọdún púpọ̀. Òǹwòran ní láti rí ọmọ náà kó dàgbà, kó ṣubú, kó tún padà wá. Lẹ́yìn ọdún 2014, àwọn ọmọdébìnrin Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í borí lẹ́ni ọdún 15, nígbà tí ara wọn ṣì fúyẹ́ tó láti yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lófurufú. Kí ayé tó mọ orúkọ ẹnì kan tán, ẹlòmíràn ti gba ipò rẹ̀. Ní Òlíḿpíìkì Beijing lọ́dún 2022, Alexandra Trusova fò alẹ́ẹ̀mẹ́rin lẹ́ẹ̀márùn-ún, ohun tí obìnrin kankan kò ṣe rí, fàdákà ló gbà, ó sì bú sẹ́kún. Kamila Valieva, ọmọ ọdún 15, ló ń ṣíwájú lẹ́yìn ijó kúkúrú, pẹ̀lú ẹjọ́ oògùn tí òfin kà léèwọ̀ lọ́rùn. Nínú ijó gígùn, ó ṣubú, ó tún ṣubú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò. Iwájú tí ọmọ yìí wò, ìbéèrè ló bá pàdé: olùkọ́ rẹ̀ ń bi í, lójú kámẹ́rà, ìdí tó fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Lọ́dún náà, ISU pinnu láti gbé ọjọ́ orí tí èèyàn fi lè wọ ìdíje àwọn àgbà sókè díẹ̀díẹ̀ láti 15 dé 17. Láàárín ọdún 2022 sí 2024, Kaori Sakamoto ti Jàpáàní gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀ léra láìfò alẹ́ẹ̀mẹ́rin kankan. Eré sísá rẹ̀ lórí yìnyín àti bó ṣe ń balẹ̀ ló fi gbà á, ó sì ti lé lẹ́ni ogún ọdún.

Alysa Liu ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó gba ife Amẹ́ríkà lọ́dún 2019. Lọ́dún 2022, lẹ́ni ọdún 16, ó ní òun kò ṣe mọ́, ó sì lọ gbé ìgbésí ayé ọ̀dọ́ tó kù ú kù. Nígbà tó padà lọ́dún 2024, ó sọ fáwọn olùkọ́ pé òun ni yóò máa yan orin òun, aṣọ òun àti oúnjẹ òun. Irun rẹ̀ ní ìlà aláwọ̀ yíká bí ti igi tí wọ́n gé, ó sì lu ihò irin sínú ètè. Ní Boston, ní March 2025, ó jó bí ẹni tó wá ṣeré nílé ọ̀rẹ́, ó sì gba ife àgbáyé, obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gbà á láti ọdún 2006.