Ìwé tí mo fowó ara mi tẹ̀: báwo ló ṣe ń dé ọwọ́ òǹkàwé lókè òkun?

Ṣé dandan ni kí n di ìwé sínú páálí kí n fi ránṣẹ́?

Rárá o. Owó tí ẹ máa fi ránṣẹ́ lè ju iye ìwé náà fúnra rẹ̀ lọ. Fáìlì ló ń rìnrìn àjò báyìí, kì í ṣe bébà. Ẹ ó gbé fáìlì inú ìwé àti ti èèpo rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí oníbàárà bá ṣe ń béèrè. Amazon KDP, ẹ̀ka Amazon tí òǹkọ̀wé fi ń tẹ ìwé ara rẹ̀ jáde, ń ṣe é; IngramSpark ti ilé iṣẹ́ Ingram, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, náà ń ṣe é. Ibi ìtẹ̀wé ti Ingram wà ní Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba àti Ọsirélíà, nítorí náà ẹni tó bá ra ìwé yín ní Ọsirélíà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa tẹ tirẹ̀ fún un.

Mo rí ìwé mi lórí ìkànnì àwọn ilé ìtàwé lókè òkun. Kí ló dé tí kò sí lórí pẹpẹ wọn?

Ìbéèrè yìí ló ń da àwọn òǹkọ̀wé láàmú jù. Ohun tí ẹ rí yẹn ò ju pé orúkọ ìwé yín ti wọ inú àkójọ tí alágbàtà ìwé ń fi han àwọn ilé ìtàwé. Ẹ̀rọ ló gbé e síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni nínú ilé ìtàwé náà má tíì kà á rí.

Kí òǹtàwé tó gbé e sórí pẹpẹ, ohun méjì ló máa kọ́kọ́ wò: èló ni tèmi níbẹ̀, ṣé mo sì lè dá a padà tí kò bá tà?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní dọ́là 15 lẹ fi lé ìwé náà, tí ẹ sì fún àwọn tó ń bá yín tà á ní ẹ̀dínwó ìdá 55 nínú 100. Dọ́là 8.25 ti lọ nìyẹn, alágbàtà àti ilé ìtàwé ló ń pín in. Nínú 6.75 tó ṣẹ́ kù, ká ní owó ìtẹ̀wé jẹ́ dọ́là 4. Èrè yín ò ju 2.75 lọ. Tí ẹ bá dín ẹ̀dínwó yẹn kù sí ìdá 40, èrè yín á di dọ́là 5, ṣùgbọ́n òǹtàwé á wo ìpín tirẹ̀, á sì ṣe bí ẹni tí kò rí ìwé yín.

Dídá ìwé padà ló wá burú jù. Tí ẹ bá gbà fún wọn, tí ilé ìtàwé kan ra 50, tí kò tà, tó sì dá gbogbo rẹ̀ padà, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ á gba dọ́là 6.75 lórí ìkọ̀ọ̀kan padà lọ́wọ́ yín. Èrè tí ẹ rò pé ẹ ti jẹ á pòórá, owó tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ á sì di gbèsè yín: dọ́là 200, láìka owó ọkọ̀ tí ẹ bá ní kí wọ́n kó o wá bá yín. Ní tèmi o, ẹni tó ń gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ dojú kọ àwọn tó ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ná.

Ṣé ISBN kan, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé mọ̀, tó fún gbogbo ayé?

Ó tó. Kò sí ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé ṣe rí ló ń pín in: ẹlẹ́yìn rírọ̀ ní tirẹ̀, ẹlẹ́yìn líle ní tirẹ̀, ìwé orí ẹ̀rọ náà ní tirẹ̀. Èyí tí KDP ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí ẹ kíyè sí, torí ẹ ò lè gbé nọ́ńbà yẹn lọ síbòmíràn.

KDP Select ńkọ́?

Ètò tí ẹ fi ń ta ìwé orí ẹ̀rọ lọ́dọ̀ Amazon nìkan ni. Ọjọ́ 90 ni ìdè rẹ̀. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìwé orí ẹ̀rọ yín kò gbọ́dọ̀ sí fún títà ní ilé ìtàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn bíi Kobo. Kò kan ìwé oníbébà.

Ṣé kí n jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣẹ́ iye ìwé mi sí owó ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan?

Ẹ má jẹ́ kó ṣe é. Iye bíi yúrò 13.37 ló máa gbé jáde, ta ló ń ra ìwé ní iye bẹ́ẹ̀? Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Òfin tún wà níbẹ̀: ní Faransé láti 1981, àti ní Jámánì, ẹni tó tẹ ìwé jáde ló ń dá iye rẹ̀, òǹtàwé ò sì lè já a bó ṣe wù ú. Ẹ̀yin lẹ tẹ tiyín jáde, ẹ̀yin náà lọ̀rọ̀ ń bá wí.

Owó orí ńkọ́?

Amẹ́ríkà máa ń yọ ìdá 30 nínú 100 lára owó tí òǹkọ̀wé àjèjì bá pa lórí ọjà tó tà níbẹ̀, àfi tí àdéhùn owó orí bá wà láàárín wọn àti orílẹ̀-èdè rẹ̀. Fọ́ọ̀mù W-8BEN lẹ ó fi sọ orílẹ̀-èdè tí ẹ ti ń san owó orí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa níbi tí mi ò sí?

Ibi ìtẹ̀wé kan yàtọ̀ sí èkejì: àwọ̀ èèpo lè ṣókùnkùn, orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ bẹ ojúlùmọ̀ kan tó ń gbé níbẹ̀ kó ra ẹyọ kan bí oníbàárà lásán, kó ya èèpo, ẹ̀yìn àti ojú ewé mélòó kan ní fọ́tò ránṣẹ́ sí yín. Ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un o.