Ọgbà ààyè

Ọgbà ààyè ni ọgbà tí a fi ẹ̀ka igi tútù sọ, tí ẹ̀ka náà ta gbòǹgbò, tó sì ń dàgbà níbi tí a rì í sí. Òkú igi nínú ọgbà lásán ń jẹrà, ikán sì ń jẹ ẹ́. Ọgbà ààyè ń nípọn sí i lọ́dọọdún ni.

Igi tí wọ́n ń lò

Ní ilẹ̀ Yorùbá, akòko (Newbouldia laevis) àti pèrègún (Dracaena fragrans) ni ìtàn wọn jinlẹ̀ jù. Ewé akòko ni wọ́n fi ń fi ènìyàn joyè, pèrègún kì í sì í wọ́n ní ojúbọ Ògún. Àwọn méjèèjì tún jẹ́ igi ààlà, torí pé wọ́n ń pẹ́, bí a bá sì gé wọn, wọ́n á tún rú. Bí ìdílé méjì bá ń du ilẹ̀, ìlà akòko tàbí pèrègún àtijọ́ wà lára ohun tí àwọn àgbà máa ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá ń ṣán oko tó kan irú ìlà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó béèrè kó tó fi àdá kàn án.

Làpálàpá (Jatropha curcas), tí àwọn kan ń pè ní bòtújẹ̀, ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Ewúrẹ́ àti màlúù kì í jẹ ewé rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi wúlò láyìíká oko. Májèlé ni kóró rẹ̀. Kò yẹ níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Agunmaniye (Gliricidia sepium) yàtọ̀ ní tirẹ̀, oúnjẹ ẹran ni ewé rẹ̀, ó sì ń fi náítírójìn, èròjà tó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá, sínú ilẹ̀. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, lò ó nínú ìwádìí lórí gbígbin ohun ọ̀gbìn sáàárín ìlà igi. Wọ́n tún ń lo ìyeyè àti ewúro.

Gígé àti gbígbìn

Ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, ló dára jù ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, kí gbòǹgbò lè wọlẹ̀ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Ẹ̀ka tó ti gbó ni kí a gé. Èyí tó rọ̀ máa ń jẹrà. Fún agunmaniye àti ìyeyè, ẹ̀ka tó gùn tó mítà 1.5, tó sì nípọn tó ọrùn ọwọ́, ṣe é lò.

Orí àti ìdí ẹ̀ka ni a kò gbọ́dọ̀ ṣì mú. Èròjà kan tó ń mú kí gbòǹgbò yọ, tí wọ́n ń pè ní auxin, máa ń ti orí sọ̀ kalẹ̀, á sì kó jọ sí ìdí, níbi tí gbòǹgbò yóò ti yọ. Ẹ̀ka tí a bá dorí rẹ̀ kodò sábà máa ń kú. Bí a bá dá ìdí ní ṣóńṣó, a ó máa fi mọ̀ ọ́n. Ó dára kí orí náà dagun díẹ̀, kí omi òjò má bàa dúró lé e.

Oje pọ̀ lára làpálàpá, nítorí náà a máa ń fi í sí abẹ́ ibòji fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ojú ọgbẹ́ lè gbẹ. A kì í fi òòlù kan ẹ̀ka mọ́lẹ̀, nítorí èèpo yóò bó. Irin ni a fi ń lu ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, a ó sì tẹ erùpẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Fún làpálàpá, àlàfo sẹ̀ǹtímítà 15 sí 25 ń mú kí ọgbà dí.

Rírúwé kò túmọ̀ sí pé ẹ̀ka ti ta gbòǹgbò. Oúnjẹ inú igi lè gbé ewé jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí gbòǹgbò kankan tó yọ, ẹni tó bá sì fà á wò lè já èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Làpálàpá tí a fi ẹ̀ka gbìn kì í ní olórí gbòǹgbò bíi ti èyí tó hù láti inú kóró. Níbi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti le, a lè gbin kóró díẹ̀ sáàárín wọn.

Hibiscus àti Ixora, tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé ní ìgboro, ń fẹ́ ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́, inú ọ̀rá ni wọ́n sì sábà ti ń kọ́kọ́ hù.

Lókè òkun

Nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ní Brazil, akòko ń jẹ́ acocô, pèrègún sì ń jẹ́ peregum. Ní Cuba, làpálàpá (piñón botija) àti agunmaniye (piñón florido) wà lára igi tí àwọn àgbẹ̀ fi ń sọgbà.